GDB àbí LLDB? Ohun tí wọ́n kọ sójú síkíríìnì yín ni kẹ́ ẹ fi yàn

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kọ prógíráàmù ní èdè C àti C++ ní ilẹ̀ Ọ̀kùn wa yìí, láti Ẹ̀gbẹ̀ títí dé Lọ́kọ́ja, ọ̀kùn o. Debugger ni GDB àti LLDB, ìyẹn irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wá ibi tí prógíráàmù ti ṣàṣìṣe. Àwọn ọmọ iléèwé tó ń ṣe IT (ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu iṣẹ́) ní Kàbà máa ń bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, GDB ni kí n kọ́ ni àbí LLDB?" Èmi náà á wá bi wọ́n pé kí ni ẹ̀rọ kọ fún wọn kẹ́yìn kó tó dákẹ́. Ọ̀pọ̀ ni kì í rántí. Wọ́n rí "error", wọ́n rí òǹkà gbọọrọ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0x, ẹ̀rù bà wọ́n, wọ́n pa ojú rẹ̀ dé. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n pa dé yẹn gan-an ni ì bá sọ irinṣẹ́ tó yẹ wọ́n.

GDB ló dàgbà jù. Richard Stallman ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1986 fún iṣẹ́ GNU, kò sì sí Linux gidi kan tẹ́ ẹ máa wá a sí tẹ́ ẹ ò ní rí i. Ilé LLVM, níbi tí clang ti wá (compiler ni clang, ìyẹn èyí tó ń sọ kóòdù C di ohun tí ẹ̀rọ lè ṣe), ni LLDB ti wá ní tiẹ̀. Òun ni Apple ń lò nínú Xcode, òun náà ni Google fi rọ́pò GDB nínú NDK tí wọ́n fi ń kọ C fún Android. Méjèèjì lè dá prógíráàmù dúró lórí ìlà tẹ́ ẹ bá fẹ́ (breakpoint ni wọ́n ń pe ibi ìdúró náà), kí wọ́n fi ohun tó wà nínú variable hàn, kí wọ́n sì sọ function tó pe èkejì. Ẹni tó bá ń wá èyí tó lágbára jù máa jà títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ni bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó ń bá yín wí

Ọ̀nà méjì ni ọ̀rọ̀ debugger pín sí. Nígbà mìíràn, ẹ̀yin ló ń bá wí: ẹ ò fún un ní fáìlì, ẹ ṣi àṣẹ kọ, ẹ ní kó rìn nígbà tí nǹkan kan ò tíì bẹ̀rẹ̀. Nígbà mìíràn, ìròyìn prógíráàmù yín ló ń jẹ́. Ẹni tó bá da méjèèjì pọ̀ á jókòó, á máa tún kóòdù tí kò bàjẹ́ ṣe.

Níbi yìí, LLDB ló rọrùn jù. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ló ń bá wí, "error:" ló sábà máa fi bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ prógíráàmù yín ló ń ròyìn rẹ̀, ẹ máa rí "stop reason =". GDB kì í fi àmì kankan síwájú ìbáwí tirẹ̀. Gbólóhùn náà á kàn jáde bẹ́ẹ̀. "Program received signal" lẹ fi máa dá ìròyìn rẹ̀ mọ̀, tàbí "Thread" pẹ̀lú nọ́ńbà kan tí prógíráàmù náà bá ní ju thread kan lọ.

| Ohun tẹ́ ẹ ṣe | GDB | LLDB |
|---|---|---|
| Ẹ ní `run` láì tíì fún un ní prógíráàmù | No executable file specified. | error: invalid target, create a target using the 'target create' command |
| Ẹ tẹ `next` kí prógíráàmù tó bẹ̀rẹ̀ | The program is not being run. | error: Command requires a current process. |
| Ẹ ṣi orúkọ function kọ níbi breakpoint | Function "mian" not defined. | WARNING: Unable to resolve breakpoint to any actual locations. |
| Ẹ bèèrè variable tí kò sí níbi tẹ́ ẹ wà | No symbol "apo" in current context. | use of undeclared identifier 'apo' |
| Ẹ kọ àṣẹ tí kò sí | Undefined command: "brk". Try "help". | error: 'brk' is not a valid command. |

Ìlà kẹta nínú tábìlì yẹn máa ń gba àkókò àwọn èèyàn lófo. Tẹ́ ẹ bá kọ `mian` dípò `main`, GDB á bi yín bóyá kó tọ́jú breakpoint náà de ìgbà tí láíbúrárì mìíràn bá wọlé. Tẹ́ ẹ bá tẹ Enter lásán, ó gbà pé rárá lẹ sọ. LLDB kì í bèèrè. Á kìlọ̀ fún yín, á sì tọ́jú breakpoint tí kò níbi tó ń lọ náà. Ẹ óò wá tẹ `run`, prógíráàmù á sáré kọjá, ẹ óò máa sọ pé debugger ò ṣiṣẹ́. Níbi èyí, GDB ni mo fara mọ́.

Ìlà kẹrin ńkọ́? "No symbol in current context" kò sọ pé variable yín ò sí láyé. Ohun tó ń sọ ni pé function tẹ́ ẹ dúró sí kò mọ̀ ọ́n. Ẹ tẹ `up` lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì láti lọ sí function tó pè é, kẹ́ ẹ tún bèèrè. Ọ̀rọ̀ ti LLDB máa ń da ọmọ tuntun láàmú, torí ó dà bí ìgbà tí compiler ń ké. Clang gan-an ni LLDB fi ń ka ohun tẹ́ ẹ bá ní kó tẹ̀ jáde, ìyẹn ló jẹ́ kó máa sọ̀rọ̀ bíi compiler. Kóòdù inú fáìlì yín ò ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan níbẹ̀.

Nígbà tí prógíráàmù gan-an bá kú

Ẹ jẹ́ ká mú prógíráàmù kékeré kan tó ń ṣírò owó fún àwọn tó ń ra kajú. Ó wá orúkọ oníbàárà kan, kò rí i, function tó wá a dá NULL (pointer tí kò tọ́ka sí ibì kankan) padà, function tó kù kò sì yẹ̀ ẹ́ wò kó tó lò ó. Ohun tí GDB kọ nìyí:

```
Program received signal SIGSEGV, Segmentation fault.
0x0000555555555171 in san_owo (o=0x0) at kaju.c:14
14          return o->kilo * o->iye;
```

LLDB, lórí kóòdù kan náà tí clang compile:

```
* thread #1, name = 'kaju', stop reason = signal SIGSEGV
    frame #0: kaju`san_owo(o=0x0000000000000000) at kaju.c:14:15
   11
   12   int san_owo(struct onibara *o)
   13   {
-> 14       return o->kilo * o->iye;
```

Mo gé díẹ̀ kúrò nínú ti LLDB kó má baà gùn jù. SIGSEGV ni àmì tí kernel, ìyẹn ọkàn Linux, ń fi ránṣẹ́ sí prógíráàmù tó fọwọ́ kan mẹ́mórì tí kò ní àṣẹ sí. Àwọn méjèèjì sọ fún yín pé `o` jẹ́ 0x0, ìyẹn ni pé kò sí oníbàárà kankan lọ́wọ́ function náà. Ìlà kan ṣoṣo ni GDB fi hàn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí àyíká rẹ̀, ẹ tẹ `list`. LLDB á fi àwọn ìlà tó yí i ká hàn láì jẹ́ pé ẹ bèèrè, ọfà á sì tọ́ka sí èyí tó kú. Ẹ tún wo 14:15 yẹn dáadáa. 15 ni ipò lẹ́tà lórí ìlà, ó bọ́ sórí `kilo`. Ìgbà méjì ni `o->` fara hàn lórí ìlà yẹn, LLDB sì ti sọ èyí tó jẹ́. Lórí ìlà gígùn tó ní pointer mẹ́rin márùn-ún, àlàyé yẹn ṣeyebíye.

LLDB lórí Linux tún máa ń kọ àdírẹ́sì tí prógíráàmù fẹ́ fọwọ́ kàn sí ẹ̀gbẹ́ SIGSEGV. Ní ti GDB, ẹ̀yin lẹ máa bèèrè rẹ̀, àṣẹ náà ò sì dùn ún kọ sórí: `p $_siginfo._sifields._sigfault.si_addr`. Àdírẹ́sì yẹn ń sọ púpọ̀. Tó bá jẹ́ 0x0 tàbí òǹkà kékeré bíi 0x8 tàbí 0x10, NULL ni, ẹ kàn wá field kan nínú struct tí kò sí ni. Tó bá jẹ́ òǹkà ńlá tí kò jọ nǹkan kan, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ mẹ́mórì tẹ́ ẹ ti `free`, tàbí pointer tẹ́ ẹ ò fún ní nǹkan kan rí.

SIGFPE ni GDB ń pè ní "Arithmetic exception". Ohun tó sábà máa ń fà á ni kí wọ́n fi òdo pín nọ́ńbà odidi. Ẹ ṣọ́ra níbí o, ẹ̀yin tó ń fi fóònù kọ́ C lórí Termux (áàpù tó ń fún fóònù Android ní ibi ìkọ àṣẹ bíi ti Linux): ọ̀pọ̀ fóònù wa, ARM ló wà nínú wọn, ARM 64-bit kì í sì ké tí wọ́n bá fi òdo pín odidi. Òdo ló máa fi dáhùn. Kóòdù kan náà tó kọjá láìsí ariwo lórí fóònù yín ní Mọ̀pà á kú lórí láptọ́ọ̀pù olùkọ́ yín ní Lọ́kọ́ja, kì í sì í ṣe debugger ló fà á.

Èyí tó ń dẹ́rù bani lásán

Tí prógíráàmù bá fúnra rẹ̀ pe `abort`, ẹ lè rí irú èyí nínú GDB: "./nptl/pthread_kill.c: No such file or directory." Àwọn kan ti tìtorí ọ̀rọ̀ yìí tún Linux wọn gbé kalẹ̀. Fáìlì yẹn kì í ṣe tiyín. Kóòdù glibc ni, ìyẹn láíbúrárì C tí ọ̀pọ̀ Linux ń lò; GDB kàn fẹ́ fi ìlà ibẹ̀ hàn yín, kò sì rí i lórí kọ̀ǹpútà yín. Ẹ tẹ `bt`, tó ń to àwọn function tó pe ara wọn lẹ́sẹẹsẹ, kẹ́ ẹ máa ka bọ̀ nísàlẹ̀ títí ẹ ó fi rí orúkọ fáìlì tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín kọ, kẹ́ ẹ tẹ `frame` pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀. LLDB kì í ké irú igbe yẹn; ọ̀rọ̀ assembly (àwọn àṣẹ tí ẹ̀rọ gan-an ń tẹ̀ lé) ló máa tú síta. Èwo ló burú jù nínú méjèèjì? Èmi ò lè sọ.

Ibi tí méjèèjì ò ti tó

Ẹ wo ìlà mẹ́rin yìí:

```
int *apo = malloc(10 * sizeof(int));
for (int i = 0; i <= 10; i++)
    apo[i] = 0;
printf("A ti setan\n");
```

Àpò mẹ́wàá la gba ààyè fún, ibi mọ́kànlá la kọ òdo sí. Lórí Linux 64-bit tó ń lo glibc, òdo kọkànlá yẹn kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Ibi tó bọ́ sí ṣì jẹ́ mẹ́mórì prógíráàmù náà, kernel ò rí ìdí kankan tó fi yẹ kó bínú. Àmọ́ ibẹ̀ ni malloc ń kọ ìṣirò tirẹ̀ sí. Nígbà tí printf wá ní kí malloc fún òun ní ààyè díẹ̀, malloc yẹ ìwé rẹ̀ wò, ó rí i pé wọ́n ti pa á rẹ́, ó kọ ọ̀rọ̀ kan tó dárúkọ `sysmalloc`, ó sì pa prógíráàmù náà. GDB á sọ pé "Program received signal SIGABRT, Aborted." LLDB á sọ pé "stop reason = signal SIGABRT". Ẹ tẹ `bt` nínú èyíkéyìí, printf lẹ máa bá níbẹ̀, tàbí `puts` tí gcc fi rọ́pò rẹ̀, lórí ìlà kẹrin.

"Ẹ̀gbọ́n, printf yìí ti bàjẹ́ o," ni ọmọ kan sọ fún mi.

"Àbúrò, printf ti wà kí wọ́n tó bí èmi àti ìwọ. Wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú rẹ̀."

Ibi tí ọkọ̀ ti já sí kòtò lójú ọ̀nà Òkéné kọ́ ni ibi tí búréèkì ti kọ́kọ́ já. GDB àti LLDB, kòtò ni wọ́n ń fi hàn yín, wọn ò sì purọ́. Ẹni tó máa sọ ibi tí búréèkì ti já ni AddressSanitizer, olùṣọ́ mẹ́mórì tí compiler ń fi kún prógíráàmù yín, èyí tó ti wà nínú Clang láti 2012, tó sì wọ GCC 4.8 ní 2013. Ẹ compile báyìí:

`gcc -g -fsanitize=address kaju.c -o kaju`

Kẹ́ ẹ wá ṣe é láìsí debugger kankan. Ìlà kẹta ló máa kú sí báyìí, á sì kọ "heap-buffer-overflow", "WRITE of size 4", àti pé àdírẹ́sì náà wà ní "0 bytes after 40-byte region". Àwọn ti àtijọ́ ń kọ "to the right of" dípò "after". Ogójì báìtì ni int mẹ́wàá, 0 yẹn sì ni pé ẹsẹ̀ kan péré lẹ fi kọjá ààlà. Lábẹ́ rẹ̀, á tún kọ ìlà tẹ́ ẹ ti gba ààyè náà. Tó bá jẹ́ ohun tẹ́ ẹ ti `free` lẹ tún lò, á fi ìlà tẹ́ ẹ ti `free` rẹ̀ kún un. Mi ò tíì rí ọ̀rọ̀ àṣìṣe tó yé èèyàn tó bẹ́ẹ̀ nínú iṣẹ́ C.

Nítorí náà, bí ẹ bá ti rí SIGABRT pẹ̀lú ọ̀rọ̀ bíi `sysmalloc`, "double free or corruption" tàbí "free(): invalid pointer", ẹ má jókòó ti GDB, ẹ má sì jókòó ti LLDB. Ẹ lọ tààrà sí AddressSanitizer.

Valgrind, tó ti wà láti 2002, ń ṣe irú iṣẹ́ yìí náà, tiẹ̀ sì ní ibi tó dára sí: kò bèèrè pé kẹ́ ẹ tún compile. Lórí àpẹẹrẹ wa yẹn, "Invalid write of size 4" ló máa kọ, pẹ̀lú "0 bytes after a block of size 40 alloc'd". Ó tún ń mú ohun tí AddressSanitizer kì í mú, ìyẹn variable tẹ́ ẹ lò láì fún un ní nǹkan kan: "Conditional jump or move depends on uninitialised value(s)". Tí èsì ìṣirò yín bá ń yí padà ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá ṣe é, Valgrind ni kẹ́ ẹ pè. Àmọ́ ó lọ́ra. Ìwé tirẹ̀ gan-an sọ pé prógíráàmù lè falẹ̀ ní ìlọ́po 20 sí 30, nígbà tó jẹ́ pé nǹkan bí ìlọ́po 2 ni AddressSanitizer. Bẹ́ẹ̀ náà ni kì í sábà rí array orí stack tẹ́ ẹ kọ kọjá ààlà. AddressSanitizer ń rí i. Ẹ má sì lo àwọn méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọn kì í gba ara wọn láyè.

Ohun kan tún wà: tẹ́ ẹ bá ṣe prógíráàmù AddressSanitizer nínú GDB, ó lè kọ lópin pé LeakSanitizer (apá rẹ̀ tó ń wá mẹ́mórì tẹ́ ẹ gbà tẹ́ ẹ ò dá padà) ò ṣiṣẹ́ lábẹ́ ptrace, ìyẹn ọ̀nà tí debugger ń gbà ṣàkóso prógíráàmù. Prógíráàmù yín kọ́ ló lẹ́bi. Ẹ fi `ASAN_OPTIONS=detect_leaks=0` síwájú àṣẹ `gdb` yín, ó tán.

Tẹ́ ẹ bá gbàgbé -g

`-g` ló ń ní kí compiler fi àlàyé kóòdù yín kún prógíráàmù fún debugger. Tí kò bá sí, GDB á sọ fún yín lójú ẹsẹ̀ tó bá ń ṣí fáìlì: "No debugging symbols found in ./kaju". LLDB ò ní sọ nǹkan kan. Ìgbà tẹ́ ẹ bá dúró, tẹ́ ẹ rí assembly dípò kóòdù yín, lẹ máa mọ̀. Ẹ ṣe é pẹ̀lú `-g -O0`. Bí ẹ bá lo `-O2`, tó ń ní kí compiler mú kóòdù yára, GDB á máa dá yín lóhùn pé `<optimized out>`, LLDB á sọ pé "value may have been optimized out". Ọ̀rọ̀ kan náà ni: compiler ti rí i pé kò sídìí láti tọ́jú variable yẹn sí ibì kan.

Dátà àti iná

Èyí ló máa ń bá ìpinnu ọ̀pọ̀ wa dé òpin. Lórí Ubuntu, GDB kéré láti fà wálẹ̀. LLDB máa ń kó àwọn láíbúrárì LLVM àti clang dání, ìyẹn sì wúwo gan-an fún ẹni tó ń fi hotspot fóònù ṣe é. Lórí Termux, ọ̀rọ̀ yí padà: clang ni compiler tó wà níbẹ̀, apá tó wúwo jù nínú LLVM ti wà lórí fóònù yín, kí ni wàhálà ẹ mọ́? Ẹ tẹ `pkg install lldb`.

GDB tuntun náà ní ibi tó ti lè jẹ dátà yín. Tó bá kọ pé "This GDB supports auto-downloading debuginfo", tó sì bèèrè bóyá kó tan debuginfod, `n` ni kẹ́ ẹ fi dáhùn tí dátà yín bá ku díẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í fa àwọn àlàyé láíbúrárì wálẹ̀ tẹ́ ẹ lè má nílò rárá. Ẹ kọ `set debuginfod enabled off` sínú fáìlì `.gdbinit` nínú ilé yín (home directory) lórí Linux, kò ní bèèrè mọ́.

Ní ti iná, ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo fáìlì core. Ẹ tẹ `ulimit -c unlimited` kẹ́ ẹ tó ṣe prógíráàmù yín. Tó bá kú, àwòrán mẹ́mórì rẹ̀ á wà nílẹ̀. Kí iná lọ, kí bátìrì kú, ẹ lè padà wá ní ọjọ́ kejì pẹ̀lú `gdb ./kaju core` tàbí `lldb ./kaju -c core`. Tẹ́ ẹ bá wá fáìlì náà tì lórí Ubuntu, ẹ wo `/proc/sys/kernel/core_pattern`. Tí ohun tó wà níbẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `|`, prógíráàmù mìíràn ló ń gba core yín lọ. Tí GDB bá sì kìlọ̀ pé "exec file is newer than core file", ẹ ti tún compile lẹ́yìn tó kú. Àwọn nọ́ńbà ìlà tó máa kọ lè má bá kóòdù mu mọ́, ẹ má gbà á gbọ́.

Ohun tí èmi ń sọ fún àwọn ọmọ IT nìyí: láptọ́ọ̀pù Linux pẹ̀lú gcc, ẹ lo GDB; fóònù tàbí Mac, ẹ lo LLDB. Ẹni tó ń lo Windows, kó fi WSL (Linux tó ń ṣiṣẹ́ nínú Windows) sí i, kó lo GDB. Tí GDB bá kọ "ptrace: Operation not permitted" nígbà tẹ́ ẹ fẹ́ fi so mọ́ prógíráàmù tó ti ń rìn, ẹ wo `/proc/sys/kernel/yama/ptrace_scope`. 1 ló sábà máa ń wà níbẹ̀ lórí Ubuntu, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé prógíráàmù tí debugger bá fúnra rẹ̀ bí nìkan ló lè fọwọ́ kàn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ prógíráàmù náà láti inú GDB, tàbí kẹ́ ẹ lo `sudo`.

Ẹni tó bá kọ́ ọ̀kan kò ṣòro fún un láti lo èkejì. `b`, `run`, `bt`, `p`, `n`, `s`, `c` àti `up` ń ṣiṣẹ́ nínú méjèèjì. Èyí tó máa ń da àwọn èèyàn láàmú jù ni `info locals` ti GDB. Ní ti LLDB, `frame variable` ló ń pè é.